Orí Kẹjọ: Iná Inú Ilé àti Gáàsì Tó Ń Mú Ayé Gbóná

Ọgbà iná létí ọ̀sà

Ọgbà iná Ẹgbin wà létí ọ̀sà lẹ́bàá Ìjẹ̀dẹ̀, ní ilẹ̀ Ìkòròdú. Ẹ̀rọ amúnáwá 6 ló wà níbẹ̀; ọ̀kọ̀ọ̀kan lè pèsè mẹ́gáwáàtì 220, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 1,320. Àárín àwọn ọdún 1980 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, láyé NEPA. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ń ta àwọn ọgbà iná rẹ̀ ní 2013, Sahara Power àti KEPCO ti Gúúsù Kòríà ló ra èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kò sí ọgbà iná mìíràn ní Nàìjíríà tí agbára rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò jìnnà sí ti ìkòkò tó ń hó lórí ààrò. Gáàsì inú ilẹ̀ ń gba inú páìpù wá láti Escravos ní ìpínlẹ̀ Delta. Wọ́n ń sun ún lábẹ́ ìkòkò omi ràgàjì. Omi ń hó, ooru rẹ̀ ń fi agbára yí tọ́báìnì, tọ́báìnì sì ń yí ẹ̀rọ tó ń mú iná wá. Omi ọ̀sà ni wọ́n ń fà láti fi tu ẹ̀rọ lára. Ohun tó ṣẹ́ kù lára gáàsì tí wọ́n sun ń gba ọ̀pá èéfín gíga jáde sójú ọ̀run.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní agbègbè Lásunwọ̀n, láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, tó sì ń ka orí yìí níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń pariwo lẹ́yìn fèrèsé, lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè pé kí ló dé tí iná tí wọ́n ń ṣe nítòsí ilé kò fi tó ilé lò. Ìdí rẹ̀ ni pé iná Ẹgbin kì í rọra yà sí abúlé tó múlé tì í. Orí wáyà ńlá oní 330,000 fólítì ló ń gùn, á dàpọ̀ mọ́ iná tó ti Kainji, Shiroro àti ibòmíràn wá, àwọn tó ń darí gbogbo rẹ̀ láti Òṣogbo á sì pín in káàkiri orílẹ̀-èdè. Kó tó padà dé Ìkòròdú, ó ti di ìpín tí wọ́n ń wọ̀n. Nígbà tí wáyà ńlá náà bá sì já kulẹ̀, bó ti ṣe léraléra ní 2024, Ìjẹ̀dẹ̀ àti Máídúgùri á jọ wà nínú òkùnkùn.

Ìbéèrè tí orí yìí fẹ́ dáhùn jọ mọ́ ìyẹn, ṣùgbọ́n ó gba ibòmíràn lọ. Bí ẹ bá tan gílóòbù kan ní yàrá yín, tí ọ̀pá Ẹgbin sì tú èéfín díẹ̀ sí i, lọ́rùn ta ni èéfín náà wà? Nínú ìwé yìí, ẹni tó lo iná ló ni ẹrù náà, ibi yòówù kí wọ́n ti sun gáàsì. Ìdí nìyí tí a kò fi ní dúró sẹ́nu ilé ìdáná nìkan. Gbogbo ohun tí ilé kan ń lò, yálà igi, èédú, gáàsì, bẹntiróòlù tàbí iná wáyà, a ó tọ̀ ọ́ lọ dé orísun rẹ̀. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tó mọ́ lójú lè di eléèérí. Èyí tó ń rú èéfín sí wa lójú sì lè jẹ́ èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ pa ayé lára.

Bí gáàsì ṣe ń dá ooru dúró

Oòrùn ń ran ilẹ̀, ilẹ̀ ń gbóná, ilẹ̀ sì ń tú ooru náà padà sójú ọ̀run. Àwọn gáàsì kan wà nínú afẹ́fẹ́ tí kì í dí ìmọ́lẹ̀ oòrùn lọ́nà nígbà tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń gbá ooru mú nígbà tó ń padà lọ. Láìsí wọn rárá, ayé á tutù kọjá ohun tí ènìyàn lè fara dà. Àpọ̀jù wọn ni wàhálà. Mẹ́ta ló kan ilé wa jù: kábọ́ọ̀nù dàọ́ksáídì, tí a ó máa kọ ní CO₂, mẹ́téènì, àti náítírọ́ọ̀sì ọ́ksáídì. Kí ayé tó bẹ̀rẹ̀ sí í sun èédú inú ilẹ̀ nínú ẹ̀rọ, CO₂ tó wà nínú mílíọ̀nù kan ìpín afẹ́fẹ́ tó nǹkan bí 280. Ní báyìí ó ti kọjá 420.

Agbára wọn kò dọ́gba. Láàárín 100 ọdún, kílò 1 mẹ́téènì ń dá ooru dúró tó ìlọ́po 28 ti kílò 1 CO₂; ti náítírọ́ọ̀sì ọ́ksáídì tó ìlọ́po 265. Kí ìṣirò má bàa dàrú, a ó sọ gbogbo wọn di kílò CO₂, bí ọlọ́jà ṣe ń sọ dọ́là àti sẹ́fà di náírà kó tó ka èrè rẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣiyè méjì níbi kan. Lítà 1 bẹntiróòlù kò wúwo tó kílò 1, síbẹ̀ a ó sọ pé ó ń tú CO₂ tó ju kílò 2 lọ jáde. Níbo ni ìyókù ti wá? Inú afẹ́fẹ́ ni. Lítà kan bẹntiróòlù ní kábọ́ọ̀nù tó nǹkan bí kílò 0.63. Nígbà tó bá ń jó, ìwọ̀n 12 kábọ́ọ̀nù ń fa ìwọ̀n 32 ọ́síjìn mọ́ra, ó sì ń di ìwọ̀n 44. Ẹ fi 44 sọ 0.63 di púpọ̀, kí ẹ fi 12 pín in: kílò 2.3 ni yóò jáde.

Àtẹ 8.1: CO₂ tí ohun ìdáná àti iná ń tú jáde
Bẹntiróòlù, lítà 1: kílò 2.3
Dísù, lítà 1: kílò 2.7
Kẹrosíìnì, lítà 1: kílò 2.5
Gáàsì ìdáná inú sílíńdà, kílò 1: kílò 3
Iná wáyà, yúníìtì 1: nǹkan bí kílò 0.5
Igi gbígbẹ, kílò 1, bí igi mìíràn bá hù rọ́pò: nǹkan bí kílò 0.15
Igi gbígbẹ, kílò 1, bí igi kò bá hù rọ́pò: nǹkan bí kílò 1.9

Ìlà méjì tó gbẹ̀yìn ló gba àlàyé jù lọ, ibẹ̀ la sì ń lọ.

Ìdáná: igi, èédú, kẹrosíìnì, gáàsì

Ní Ẹ̀pẹ́, ẹni tó bá débi ọjà ẹja Olúwo á mọ̀ pé iná igi kì í ṣe ìtàn àtijọ́. Ẹja tí wọ́n kó wá láti inú ọ̀sà kì í pẹ́ bàjẹ́. Èyí tí wọn kò bá rí tà ní tútù, wọ́n á yan án. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń ṣe iṣẹ́ yìí lẹ́yìnkùlé, lórí dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n gé, tí wọ́n sì tẹ́ nẹ́ẹ̀tì onírin lé. Ààrò iṣẹ́ àti ààrò ilé kì í jìnnà síra: iná tí wọ́n fi yan ẹja lówùúrọ̀ lè jẹ́ èyí tí wọ́n máa fi se omi ẹ̀bà ọmọ lálẹ́. Ìdí nìyí tí ìṣirò agbára tí ilé ń lò ní Ẹ̀pẹ́ kì í fi í rọrùn bíi ti ilé fúláàtì ní Ìkẹjà.

Níbo ni igi ti ń wá? Díẹ̀ jẹ́ ẹ̀ka tí wọ́n ṣẹ́ lóko, tí yóò tún hù. Díẹ̀ jẹ́ àjákù pákó láti ilé ìlagi. Ìpínlẹ̀ Èkó ti pinnu láti kó àwọn alágbàlagi Òkò Baba kúrò ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta lọ sí Àgbówà-Ìkòsì, èyí tí yóò mú àjákù pákó pọ̀ sí i ní ẹ̀gbẹ́ Ẹ̀pẹ́. Ìyókù jẹ́ igi odindi tí wọ́n gé lulẹ̀, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì di ilé tàbí oko. Ìyàtọ̀ láàárín wọn ṣe pàtàkì. Igi tó ń hù ń fa CO₂ mu láti inú afẹ́fẹ́. Bí a bá dáná sun ẹ̀ka kan, tí ẹ̀ka mìíràn sì hù ní ipò rẹ̀, CO₂ tó jáde á tún padà wọnú igi. Ohun tó kù ni mẹ́téènì àti náítírọ́ọ̀sì ọ́ksáídì tí iná tí kò jó geere ń tú jáde. Òun la rí nínú àtẹ náà bí kílò 0.15. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gé igi náà tì, tí wọ́n gbé búlọ́ọ̀kù lé e, odindi CO₂ rẹ̀ wà lójú ọ̀run.

Ẹ jẹ́ kí a mú ilé kan wò. Ká ní ìdílé kan ń lo gáàsì sílíńdà kílò 12.5 lóṣù. 12.5 ní ọ̀nà 3 jẹ́ kílò 37.5. Bí ìdílé kan náà bá fẹ́ se oúnjẹ kan náà lórí ààrò olókùúta mẹ́ta, igi mélòó ló máa gbà? Ààrò olókùúta mẹ́ta kì í sábà gbé ju ìdá 13 nínú 100 ooru igi sínú ìkòkò. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé ìyókù lọ. Sítóòfù gáàsì ń gbé ju ìdajì lọ sínú ìkòkò. Pẹ̀lú ìṣirò yẹn, kílò 12.5 gáàsì ń ṣe iṣẹ́ nǹkan bí kílò 150 igi, ìyẹn kílò 5 lójúmọ́. Bí igi náà bá ń hù padà, 150 ní ọ̀nà 0.15 á fún wa ní kílò 22.5. Bí kò bá hù padà, 150 ní ọ̀nà 1.9 á fún wa ní kílò 285.

Ẹ ka àwọn iye náà lẹ́ẹ̀kan sí i: 22.5, 37.5, 285. Gáàsì tó ti inú ilẹ̀ wá, tí gbogbo ayé ń bá wí, wà láàárín igi méjì. Ẹni tó ń ṣẹ́ ẹ̀ka gbígbẹ nínú oko bàbá rẹ̀ ní Ìmọ̀tà kò fi bẹ́ẹ̀ pa ojú ọ̀run lára. Ẹni tó ń ra igi odindi tí wọ́n gé láti inú igbó tó ń parẹ́ ń tú CO₂ jáde ju alágàásì lọ ní ìlọ́po 7. Bẹ́ẹ̀ ààrò méjèèjì jọra, èéfín wọn jọra, kò sì sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ èédú tún yàtọ̀. Èédú kò ní èéfín púpọ̀, ìdí nìyí tí àwọn ará ìlú ńlá fi ń gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ nígbà tí gáàsì bá wọ́n. Ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ ti jáde tán kó tó dé Ìkòròdú. Púpọ̀ nínú èédú tí wọ́n ń tà ní Èkó ń wá láti Òkè-Ògùn àti ẹ̀gbẹ́ Kwara, níbi tí wọ́n ti ń gé igi bí ayìn àti ẹmì, tí wọ́n á bò ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀, tí wọ́n á jẹ́ kó máa jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀. Ó máa ń gba nǹkan bí kílò 6 igi kí kílò 1 èédú tó jáde. Oúnjẹ tí kílò 150 igi lè sè á gba nǹkan bí kílò 53 èédú, èyí tó ti jẹ igi tó lé ní 300 kílò. Iná tó ń jó lábẹ́ yẹ̀pẹ̀ láìrí afẹ́fẹ́ tó sì ń tú mẹ́téènì jáde lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹmì ni igi òrí, ó sì máa ń pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so. Nítorí náà, ilé tó ń fi èédú mọ́ tónítóní ní Odògúnyàn ń gba òrí lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní Ṣakí.

Kẹrosíìnì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Nígbà kan rí, òun ni gbogbo Èkó fi ń dáná. Ọ̀wọ́n àti àdàlù ti lé e kúrò ní ọ̀pọ̀ ilé. Gáàsì ló gba ipò rẹ̀. Láti 2007 ni Nigeria LNG ti ń yà gáàsì ìdáná sọ́tọ̀ láti Bonny fún ìlò nílé. Lọ́dún náà, ìwọ̀n gáàsì ìdáná tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń lò kò tó 100,000 tọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di 2020 ó ti tó mílíọ̀nù kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni owó rẹ̀ gòkè. Ní 2024, kílò 1 ti ju 1,000 náírà lọ ní Èkó, ọ̀pọ̀ ìdílé sì tún gbé ààrò èédú jáde láti ẹ̀yìnkùlé. Kì í ṣe àìmọ̀kan ló dá wọn padà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ìṣirò CO₂ kò lè fi hàn: ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ń dáná. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fojú dá a pé èéfín inú ilé ló fa ikú tó tó mílíọ̀nù 3.2 kárí ayé ní 2020. Nílé níhìn-ín, ní Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ ṣe ìwádìí kan láàárín àwọn aboyún 324, tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017. Wọ́n fún apá kan ní sítóòfù tó ń lo ẹtanọ́ọ̀lù. Apá kejì ń lo kẹrosíìnì tàbí igi wọn lọ. Àwọn tó ń lo ẹtanọ́ọ̀lù tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá kéré sí àwọn yòókù. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fi kílò 22.5 tí a rí lókè yìí sọ pé kí ìyàwó ilé dúró sórí igi, ẹ sọ fún un pé ojú ọ̀run nìkan kọ́ ló ń fa èéfín símú.

Fún àwọn tó ń yan ẹja, ohun tó dáa kò jìnnà. Ààrò Chorkor, tí wọ́n sọ ní orúkọ abúlé apẹja kan ní Accra, ni wọ́n fi amọ̀ tàbí búlọ́ọ̀kù mọ, tí wọ́n ń to pẹpẹ ẹja lé ara wọn lórí kí ooru kan náà lè gba inú gbogbo wọn kọjá. Igi tó ń lò kéré sí ti dúrọ́ọ̀mù, ẹja tó ń gbà lẹ́ẹ̀kan sì pọ̀.

Wáyà àti jẹnẹrétọ̀

Yúníìtì 1 lórí mítà ni agbára tí ohun èlò 1,000 wáàtì ń lò ní wákàtí kan. Áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ tó bá jẹ́ 1,000 wáàtì á jẹ yúníìtì 1 ní wákàtí kan. Gílóòbù LED oní 9 wáàtì lè tàn fún wákàtí 111 kó tó jẹ ẹ́.

Báwo la ṣe rí kílò 0.5 fún yúníìtì kan? Gáàsì inú ilẹ̀ tó ní ooru yúníìtì 1 nínú ń tú CO₂ tó nǹkan bí kílò 0.2 jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ olóoru bíi ti Ẹgbin, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ooru náà ló ń sọ di iná. Ìyókù ń lọ sínú omi ọ̀sà àti sójú ọ̀run. Nítorí náà yúníìtì iná 1 gba ooru yúníìtì 3, ìyẹn kílò 0.6. Díẹ̀ tún ń ṣòfò lórí wáyà lójú ọ̀nà. Lódì kejì, iná omi ti Kainji, tó ti wà láti 1968, ti Jebba àti ti Shiroro kò sun gáàsì kankan, ó sì wà nínú àdàlù tó ń dé ilé wa. Bí a bá pò gbogbo rẹ̀ pọ̀, 0.5 kò jìnnà sí òótọ́, ó sì rọrùn láti fi ṣe ìṣirò.

Ẹ wá wo jẹnẹrétọ̀. Kékeré tí àwọn ènìyàn ń pè ní "I better pass my neighbour" ló wọ́pọ̀ jù ní ilé alágbàálá. Lítà 1 bẹntiróòlù ní ooru tó nǹkan bí yúníìtì 9 nínú. Nínú 9 yìí, jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í sábà mú ju 1.2 jáde gẹ́gẹ́ bí iná. Ìyókù ni ariwo, èéfín àti ara gbígbóná rẹ̀. Kílò 2.3 tí a bá fi 1.2 pín jẹ́ 1.9. Yúníìtì jẹnẹrétọ̀ kan ń tú CO₂ jáde ní ìlọ́po tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4 ti yúníìtì wáyà.

Àpẹẹrẹ: ìdílé ẹlẹ́ni 6 kan ń ra yúníìtì 150 lóṣù, ó ń lo lítà 2 bẹntiróòlù lójúmọ́, ó sì ń lo sílíńdà gáàsì 12.5 kan. Wáyà: 150 ní ọ̀nà 0.5, kílò 75. Jẹnẹrétọ̀: lítà 60 ní ọ̀nà 2.3, kílò 138. Gáàsì: kílò 37.5. Àpapọ̀ rẹ̀ lé díẹ̀ ní kílò 250 lóṣù, nǹkan bí tọ́ọ̀nù 3 lọ́dún. Jẹnẹrétọ̀ nìkan ló kó ju ìdajì, bẹ́ẹ̀ iná tó mú wá kò ju yúníìtì 72 lọ, kò tó ìdajì èyí tí wáyà mú wá.

Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023, tí bẹntiróòlù fò sókè láti nǹkan bí 190 náírà sí nǹkan bí 500 ní Èkó láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ ti dákẹ́. CO₂ dín kù níbẹ̀, òótọ́ ni. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ ọmọ iléèwé náà dín kù, a kò sì lè pe ìyẹn ní àṣeyọrí.

Ìkìlọ̀ kan tí kò gbọdọ̀ sọnù: kábọ́ọ̀nù mónọ́ksáídì, CO, kì í ṣe CO₂. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa odindi ìdílé lójú oorun nígbà tí wọ́n bá gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ̀rọ̀ tàbí gbé ààrò èédú wọ yàrá. Ìta gbangba, jìnnà sí fèrèsé, ni àyè jẹnẹrétọ̀.

Nǹkan mìíràn tí àwọn tó ń kọ ìwé nípa ojú ọjọ́ kì í sábà mẹ́nu bà ni mítà. Ilé tó ń gba bíìlì àfojúdá kò rí ìdí tí yóò fi pa gílóòbù: bó pa á, bó tàn án, iye kan náà ni wọ́n á kọ. Ẹ gbé mítà àsansílẹ̀ sílé kan náà, kí ẹ wo bí ìyá ilé á ṣe máa pariwo pé kí wọ́n yọ áyọ́ọ̀nù. Láti oṣù Kẹrin 2024 tí yúníìtì àwọn tó wà ní Band A, tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 fún lójúmọ́, ti kúrò ní nǹkan bí 68 náírà di 225, ariwo náà ti pọ̀ sí i. Ní tèmi, mítà ṣe fún ojú ọ̀run ju gbogbo pátákó ìkìlọ̀ tó wà lójú títì lọ.

Èyí tí kò jó rárá

Fíríìjì tòkunbọ̀ àti ẹ̀rọ amúlétutù ní gáàsì nínú tó ń gbé ooru jáde. Ọ̀kan tó wọ́pọ̀, R-134a, ń mú ayé gbóná ju CO₂ lọ ní ìlọ́po 1,300. Bí ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe bá gé páìpù, tí gíráàmù 100 sì tú jáde, ó dọ́gba pẹ̀lú kílò 130 CO₂, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù kan jẹnẹrétọ̀ ìdílé tí a ṣírò lókè. Kò sí iná, kò sí èéfín, aládùúgbò kò gbọ́ òórùn kankan.

Ẹrù ta ni, oòrùn ta sì ni?

Tọ́ọ̀nù 3 láàárín ènìyàn 6 jẹ́ ìdajì tọ́ọ̀nù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún fún iná inú ilé. Bí a bá ka gbogbo CO₂ tí Nàìjíríà ń tú jáde láti ara epo, gáàsì àti èédú inú ilẹ̀, kò tó tọ́ọ̀nù 1 lórí ọmọ Nàìjíríà kan. Ti ará Amẹ́ríkà wà ní nǹkan bí 14. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹja yíyan Ẹ̀pẹ́ ṣàlàyé ìdí tí ayé fi ń gbóná ti ṣi ojú wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi ọ̀sà tó ń gòkè kò béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Bàyékù pé mélòó ni wọ́n sun.

Nàìjíríà ṣèlérí níbi ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní Glasgow ní 2021 pé ohun tí òun ń tú jáde, bí a bá yọ èyí tí wọ́n fà padà kúrò nínú rẹ̀, yóò di òdo ní 2060, òfin ojú ọjọ́ sì jáde lọ́dún kan náà. Òfin iná mànàmáná ti 2023 tún jẹ́ kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè ṣètò ọjà iná tirẹ̀. Ní ilé, oòrùn ni ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Bí a bá ka gbogbo ohun tí wọ́n jó láti ṣe pánẹ́ẹ̀lì, yúníìtì oòrùn kò ju gíráàmù 50 CO₂ lọ, ìdá kan nínú 10 ti wáyà.

Ṣùgbọ́n òfin wa kò yí padà: a ó tọ̀ ọ́ dé orísun, a ó sì tọ̀ ọ́ dé òpin. Ọ̀pọ̀ ínfátà ní Èkó ṣì ń lo bátìrì olójé. Bó bá gbó, àwọn tó ń ra bátìrì àlòkù á gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé. Ní Ògijo, tó bá Ìkòròdú pààlà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà láàárín ilé àwọn ènìyàn, òjé sì ti wọ ilẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń gbé níbẹ̀. Òjé kì í mú ayé gbóná, nítorí náà kò sí nínú àtẹ 8.1, ọpọlọ ọmọdé ló ń bà jẹ́. Bátìrì líthíọ́ọ̀mù wọ́n jù ú lọ nígbà rírà, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ jù ú lọ, kò sì ní òjé nínú.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ẹ ka mítà ilé yín ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, kí ẹ tún kà á ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Ẹ kọ lítà bẹntiróòlù àti kílò gáàsì tí ilé lò láàárín ọ̀sẹ̀ náà sílẹ̀. Ẹ fi àtẹ 8.1 ṣírò CO₂ yín, kí ẹ pín in fún iye ènìyàn tó wà nílé.

2. Obìnrin kan ní Ẹ̀pẹ́ ń lo kílò 40 igi lójúmọ́ láti yan ẹja, ọjọ́ 25 lóṣù. Ìdajì igi náà jẹ́ àjákù pákó tí wọn ì bá sun dànù ní ilé ìlagi tẹ́lẹ̀. Ìdajì kejì jẹ́ igi odindi tí kò hù rọ́pò. Ẹ ṣírò CO₂ tó yẹ kí a kọ sí i lọ́rùn. Ṣé ó yẹ kí a ka àjákù pákó náà sí i lọ́rùn, àbí sí ẹni tó la pákó, àbí sí ẹni tó fi pákó náà kọ́lé? Ẹ jà á níyàn nínú kíláàsì. Ẹgbẹ́ tó bá sọ pé ìdáhùn rọrùn ni kí olùkọ́ kọ́kọ́ bi léèrè.

3. Ilé kan ní agbègbè Lásunwọ̀n fẹ́ fi jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó lè ra pánẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú bátìrì olójé, ó lè ra pánẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú bátìrì líthíọ́ọ̀mù, tàbí kí ó dúró de iná Band A. Yàtọ̀ sí CO₂, kí ni àwọn nǹkan mìíràn tó yẹ kó wọ̀n kó tó mú ọ̀kan? Ẹ lọ bá ẹni tó ń ra bátìrì àlòkù ní àdúgbò yín, kí ẹ bi í níbi tó ń gbé wọn lọ.